Ìbejì Kan Dé Ẹ̀gbẹ̀

Mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ ló gbé mi dé Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ n'Ílọrin ń fẹ́ ọmọ Yàgbà, ó ní kí n bá òun lọ kí èrò tiwa lè pọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì la gbéra, a gba Òmù-Àrán kọjá, Èrúkù sì ni táyà wa ti jò. Láti ìgbà yẹn ni awakọ̀ wa ò ti bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà mọ́. Lójú ọ̀nà yẹn láyé ìsinsìnyí, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun. Bó ṣe ń yí nọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ ló ń wo oòrùn. A dúpẹ́ pé Èrúkù ò jìnnà sí ààlà Kwara àti Kogi. A ò tíì jókòó dáadáa tí Ẹ̀gbẹ̀ fi yọ sí wa.

"Òkun o!" Bí gbogbo ẹni tí a bá pàdé ṣe ń kí wa nìyẹn. Ilẹ̀ mọ́ ni, ọ̀sán pọ́n ni, òkun náà ni. Ìkíni yìí ló di orúkọ gbogbo wọn: Yàgbà, Ìjùmú, Owé tí í ṣe ará Kàbà, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀. Èmi ọmọ Ìbàdàn tí mo máa ń ro ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá "ẹ kúùrọ̀lẹ́" ló yẹ àbí "ẹ káalẹ́", ó tù mí lára gan-an.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí màmá náà, wọ́n bi mí lórúkọ.

"Táíwò ni, mà."

"Ìkejì rẹ ńkọ́?"

"Ó wà n'Ílọrin, mà. Ọmọ rẹ̀ ni ara rẹ̀ ò yá, ni kò jẹ́ kó lè wá."

Wọ́n wò mí títí. "Ẹ̀yin méjèèjì wà láyé. Òyìnbó Ẹ̀gbẹ̀ ṣeun." Wọ́n sì yí padà, wọ́n ní kí wọ́n gbé iyán wá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, mo jẹ iyán mi.

Ọjọ́ kejì ni àbúrò ìyàwó, tó jẹ́ tíṣà, mú mi rìn yí ìlú ká. Mo ti sọ fún un pé mo fẹ́ràn ìtàn ìlú, ṣùgbọ́n ó ti sú mi pé ìlú tí mo bá dé, "Ifẹ̀ la ti wá" ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn Òkun náà ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé Ìfẹ̀-Ìjùmú, ìlú kan nílẹ̀ Òkun níbí. Nínú ihò àpáta kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Itaakpa, àwọn awalẹ̀pìtàn hú irinṣẹ́ olókùúta àti àfọ́kù ìkòkò jáde, wọ́n sì rí i pé ó ti lé ní 2,000 ọdún tí èèyàn ti ń gbé ibẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni du Ifẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Ifẹ̀ dé ilẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kó bá onílé nílé.

Òkè ló fi hàn mí lẹ́yìn ìyẹn. Àpáta dúdú ràgàjì ni wọ́n, bí ẹni kó erin jókòó. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn Tápà láti Bídà ń gun ẹṣin wá jagun ní gbogbo ilẹ̀ Òkun, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹṣin kì í gun àpáta, ìyẹn ló sọ òkè di ilé fún ọ̀pọ̀ ìlú. Oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òyìnbó oníṣòwò, gba Lọ́kọ́ja wọ Kàbà, kí oṣù náà tó parí, Bídà ti ṣubú. Ẹ̀rù Tápà dínkù, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn fẹ́ràn Yàgbà ju Tápà lọ. Ọjà ni wọ́n ń bá kiri.

Òyìnbó tí màmá dárúkọ kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Tommy Titcombe lorúkọ rẹ̀, láti Kánádà ló ti wá sí Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ìjọ SIM (Sudan Interior Mission), ìjọ àwọn míṣọ́nnárì, ló rán an. Ìjọ yẹn náà ti rí ìdààmú: ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Èkó ní 1893, kí ọdún 1894 tó parí, méjì ti kú. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí Bingham tó ṣẹ́kù gbìyànjú ni wọ́n tó ráyè ní Pàtígi, nílẹ̀ Tápà, wọ́n sì ti ibẹ̀ yọ sí Yàgbà. Gbogbo ohun tí tíṣà ń nàka sí ní ìlú ló padà sọ́dọ̀ Titcombe. Ilé ẹ̀kọ́ Titcombe College ti 1951, orúkọ rẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn ECWA tí Dókítà George Campion bẹ̀rẹ̀ ní 1952, inú ìjọ rẹ̀, SIM, ni ìjọ ECWA ti jáde. A dúró lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn náà pẹ́ díẹ̀. Ìyá kan ń jáde bọ̀, ó pọn ọmọ, ó gbé èkejì sọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni tíṣà ti sọ ọ́ fún mi. Láyé ọjọ́un, wọn kì í jẹ́ kí ìbejì yè ní Ẹ̀gbẹ̀. Èèmọ̀ ni wọ́n kà á sí. Ethel, ìyàwó Titcombe, ló gba ìbejì sílé, ó tọ́jú wọn, ìlú sì ń retí kí ibi kan ṣẹlẹ̀. Ibi kankan ò ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ilé tiwa n'Íbàdàn, ẹ̀wà ni wọ́n ń sè fún wa. Ìyá wa kì í pè wá jẹun lásán: "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí!" Gbogbo àdúgbò ló ń fún wa lówó. N kò rò ó rí pé Yorùbá kan wà tí wọ́n ti ń fi etí kan náà gbọ́ igbe ọmọ méjì, tí ẹ̀rù á sì bà wọ́n. Tíṣà ní kí n má bínú. Mo ní mi ò bínú. Mo bi í pé ta ló bí àwọn ìbejì yẹn, ó ní òun ò mọ̀, pé orúkọ òyìnbó ló wà lára ògiri.

Mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ lọ dáadáa, wọ́n fún wa ní ìyàwó. Ọjọ́ Àìkú, kí a tó lọ, màmá di kajú sínú ọ̀rá méjì fún mi, wọ́n wọ̀n ọ́n kó dọ́gba. "Ti ìkejì rẹ nìyí. Má jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà o."

Mo ya fọ́tò òkè ránṣẹ́ sí Kẹ́hìndé, mo sì kọ ìtàn náà sábẹ́ rẹ̀, ó gùn. Èsì rẹ̀ dé nígbà tí a fẹ́ wọ Òmù-Àrán: "Iṣu Yàgbà ńkọ́, o rà á?"