Màmá Mi àti Àwọn Lẹ́tà Òṣùpá

Àpòòwé tí kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀ ni èmi máa ń fi owó rà. Sítáǹbù ara rẹ̀ ni mo ń wò, àti òǹtẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi lù ú, pàápàá bí ó bá jẹ́ òǹtẹ̀ ọjọ́ tí ọmọ ènìyàn gbéra lọ sí òfurufú tàbí ọjọ́ tí ó padà délé. Àwa tí a ń kó wọn jọ kì í já wọn, nítorí pé èyí tí a bá fi ọ̀bẹ ya ẹnu rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ iye tí ó yẹ kí ó mú wá. Páálí pẹlẹbẹ kan ni ó sì sábà máa ń wà nínú wọn, kí àpòòwé náà má baà ká. Kò sí ẹni tí ó sọ gbogbo èyí fún màmá mi kí wọ́n tó wá ṣe ọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ wa.

Màmá ta aṣọ lọ́jà títí wọ́n fi darúgbó. Wọn kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti nọ́ńbà àti ti owó, kò sí akáúńtáǹtì tí ó lè rẹ́ wọn jẹ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wá nínú dúrọ́ọ̀ mi tí wọ́n fi rí ìdì lẹ́tà tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì já. Ní ayé ìgbà tiwọn, ará ilé tí ó bá wà lókè òkun a máa dọ́gbọ́n fi dọ́là sáàárín lẹ́tà, nítorí náà, ọmọ tí ń ráhùn àìlówó lójoojúmọ́ ni wọ́n rò pé ó gbàgbé ọrọ̀ sínú dúrọ́ọ̀ yìí. Nígbà tí mo fi ti ibi iṣẹ́ dé, páálí funfun ti kún orí tábìlì, Màmá sì ti wọ bàtà.

“Àjàní,” ni wọ́n wí, “àwọn pósófíìsì ti jà ọ́ lólè. Bọ́ síwájú.”

Ẹ̀rí wọn pé. Ọ̀kan nínú àwọn àpòòwé náà wà lára nǹkan bí 260,000 tí ọkọ̀ òfurufú Challenger gbé yí ayé po ní ọdún 1983, iye tí wọ́n sì kọ sára sítáǹbù rẹ̀ jẹ́ $9.35. Màmá bi mí pé ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò lẹ sítáǹbù dọ́là mẹ́sàn-án mọ́ páálí lásán. Òmíràn ní sítáǹbù sẹ́ǹtì mẹ́wàá tí Amẹ́ríkà fi ṣe ìrántí ẹni àkọ́kọ́ tí ó tẹ òṣùpá. Òǹtẹ̀ méjì ni ó wà lára rẹ̀: ti 20 July 1969, ọjọ́ tí Apollo 11 gúnlẹ̀, àti ti 9 September, ọjọ́ tí sítáǹbù náà jáde ní Washington. “Láti July dé September, kí ni wọ́n ń fi lẹ́tà rẹ ṣe, bí kì í bá ṣe pé wọ́n ń tú u?” N kò tíì rí lọ́yà tí ó to ẹjọ́ jọ báyìí. Èyí tí ó ní sítáǹbù Nàìjíríà ti ọdún 1963, tí wọ́n ya ibùdó ìtọpinpin ọkọ̀ òfurufú ti Kano sí, ni wọn kò fọwọ́ kàn rárá, nítorí pé ta ni yóò fi dọ́là sínú lẹ́tà tí ó ti Kano wá?

Lójú ọ̀nà ni mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní Armstrong, Aldrin àti Collins, àwọn mẹ́ta tí Apollo 11 gbé lọ, kò rí owó san fún ìbánigbófò tí ó tó iṣẹ́ eléwu bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá fọwọ́ sí àwọn àpòòwé sílẹ̀, pé bí àwọn kò bá padà wá, kí àwọn ìyàwó àwọn tà wọ́n jẹun. Màmá dúró lójijì. “Nítorí náà, owó ni!” Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ sí i, mo bá yà sí ti Apollo 15 ní ọdún 1971: àwọn mẹ́ta tí ó lọ kó àpòòwé 398 pamọ́ dání láìgba àṣẹ, ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti oníṣòwò sítáǹbù kan ní Jámánì. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n bá wọn wí, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ó tún gun òfurufú mọ́.

“Fàyàwọ́ dé orí òṣùpá!” Ẹni tí ó ti kó aṣọ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá rí ni ó ń sọ̀rọ̀ o. “Ṣé kọ́sítọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ ni?”

Nígbà tí a dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ọmọbìnrin tí ó wà nídìí káńtà wo déètì, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, wọn kò tíì bí mi ní 1969.” Màmá béèrè pé iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe nígbà náà. Àwọn tí ó wà lórí ìlà kò gbìyànjú láti làjà; kàkà bẹ́ẹ̀, oníkálukú mú ẹjọ́ ẹrù tirẹ̀ tí ó sọnù jáde, ibẹ̀ bá gba ariwo. Ọ̀gá wọn jáde wá. Ó jẹ́ ẹni tí ó mọ àgbà í bọ̀wọ̀ fún: ó gbé àga fún Màmá, ó ní òun ti gba ẹ̀sùn wọn, àti pé láti fi hàn pé ọ́fíìsì ti rí àwọn lẹ́tà náà, òun yóò fi òǹtẹ̀ ọjọ́ náà lù wọ́n.

Mo kígbe. Ta ni yóò gbọ́? Ọkùnrin náà kò ṣahun yíǹkì rárá. Màmá sì gba wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí ó tún èyí tí kò hàn dáadáa lù. Ẹsẹ̀ tí ń tẹ òṣùpá lórí sítáǹbù Apollo 11 wá di ohun tí a kò rí mọ́ lábẹ́ orúkọ ìlú wa.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, kí wọ́n lè bá mi kẹ́dùn. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó wà ní Jámánì, béèrè tọkàntọkàn pé rọ́kẹ́ẹ̀tì wo ni ó gbéra ní ìlú wa lọ́jọ́ náà, ó sì dá iye tí yóò fi rà á. Màmá ní kí n má tíì dá a lóhùn, pé ẹnu tí ó kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ kò tíì dé ibi tí owó wà.