Kí ẹ tó gbà pé gíà ọkọ̀ yín ti kú

Camry 2000 ni mo ń wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pencil light. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2.2, gíà rẹ̀ sì jẹ́ ọ́tò oní mẹ́rin. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ó sì ti bá mi kó ọjà láàárín Ìbàdàn àti Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìyọ mí lẹ́nu. Ní 2017 ni mo fi owó ra gíà tí n kò nílò. Owó yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní, ni mo ṣe ní kí n sọ ọ́ fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ náà ti ń dàgbà.

Àárọ̀ Sátidé kan ni. Mo ń gun òkè Mọ́kọ́lá, gósílóò wà níwájú, mo tẹ bíréèkì. Ìgbà tí mo fẹ́ gbéra padà, ọkọ̀ ò dá mi lóhùn dáadáa. Kì í ṣe pé kò lọ o. Ó ń lọ, àmọ́ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì méjì ni. Mo tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ń kérora, dánfó tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó. Nígbà tí ọ̀nà wá já gaara, tí mo ti wọ ìrìn, ó ń sáré geere bíi ti àtẹ̀yìnwá. Mo dúró, ó tún di ìjàpá.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, èmi ni n kò mọ̀: ó ṣòro fún un láti gbéra, àmọ́ kò ṣòro fún un láti sáré.

Mẹkáníìkì tí mo máa ń gbé e lọ bá wà á dé ìkóríta, ó padà dé, kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Mọ́mì, gíà yín ti lọ. Ẹ lọ wá Belgium." Gíà àlòkù tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé kò ní yẹ̀ ẹ́ wò ná ni. Ó ní gíà ọ́tò kì í ṣe nǹkan à ń tún ṣe, pípààrọ̀ ni. Mo ní iná check engine tó tàn níwájú mi ńkọ́? Ó ní ṣebí iná yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Òótọ́ ló sọ. Látọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ náà ló ti ń tàn nítorí sensor kan lọ́nà èéfín, mo sì ti fojú fò ó dá títí tí ojú mi ò fi rí i mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Tí iná náà bá ń tàn lójoojúmọ́, tí àìsàn tuntun bá wá dé, kò sí iná míì tí ọkọ̀ máa fi ké sí yín.

Belgium náà gba ₦90,000 lọ́wọ́ mi, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, ọ́ìlì lọ́tọ̀. Wọ́n fi ọjọ́ méjì dè é. Mo gbà á, mo forí lé òkè Mọ́kọ́lá. Àpò sìmẹ́ńtì méjèèjì ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí mẹkáníìkì náà sọ? Pé èyí tí mo rà náà ti bàjẹ́, kí n tún lọ wá òmíràn.

Aládùúgbò mi kan ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ rewáyà kan, ọmọ tí mo lè bí. Ó kí mi tán, kò ní ká wà á lọ síbì kankan. Ìbéèrè ló bi mí: "Mà, tí ẹ bá fà á sí L ńkọ́, ṣé ó ṣì ń wúwo?" Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. A gbìyànjú ẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ níbẹ̀: mo fà á sí L, ọkọ̀ ta kébé bíi màlúù tí kòkòrò ta. Mo fà á sí 2, ó wúwo díẹ̀. Mo fà á sí D, ìjàpá. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní gíà tó ti jóná kì í yan ibi tó máa ti ṣiṣẹ́ báyìí.

Bó ṣe là á yé mi rèé. Nínú gíà yìí, solenoid méjì, ìyẹn fáàfù kéékèèké tó ń fi iná ṣiṣẹ́, ni brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, fi ń yan nọ́ńbà tí ọkọ̀ máa wọ̀. Tí iná ò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, gíà ò ní kú, ipá ọ́ìlì nìkan ló kù tí yóò máa lò: tí ẹ bá fi sí D, nọ́ńbà kẹrin ló máa wà, tí ẹ bá fi sí 2, ẹkẹta, tí ẹ bá fi sí L, àkọ́kọ́. Nọ́ńbà kẹrin, tí wọ́n fi ń sáré, ni mo fi ń gun òkè Mọ́kọ́lá látijọ́ yìí! Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí gíà rẹ̀ rí á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ inú gíà, ó ní ká lọ. A lọ, a bọ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sókè sí mi lójú: "Mà, wáyà tí mo yọ yìí, kò níṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀."

Òkè gíà gan-an ni bátìrì wà nínú ọkọ̀ yìí. Ó gbé bátìrì kúrò, ó gbé àwo abẹ́ rẹ̀ kúrò, ó fi abẹ la rọ́bà tí wọ́n fi bo àwọn wáyà náà. Omi bátìrì ti ń kán sí i lára, bóyá ó ti tó ọdún kan. Níbi tó yẹ kí kọ́pà pupa ti máa dán, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ló kún ibẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ó dà sílẹ̀ bíi gààrí. Ó fi tẹ́sítà wọn solenoid fúnra wọn, ó rí nǹkan bí 13 ohm. Láàárín 11 sí 15 ló yẹ kó wà, ìyẹn ni pé solenoid ò bàjẹ́, wáyà ló bàjẹ́. Ó wá sikáànì ọkọ̀, kóòdù P0753 àti P0758 ló jáde, wáyà solenoid kìíní àti èkejì. Ẹ ò rí i, ọkọ̀ ti ń sọ ọ́ látọjọ́ kìíní, abẹ́ iná tí mo fojú fò dá ló ti ń pariwo. Ó gé wáyà tó ti jẹrà, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó tuntun mọ́ ọn, ó sì gbé e jìnnà sí abẹ́ bátìrì. Tòun ti sikáànì, ₦6,500.

Mo rò pé ó parí, ni ọmọ náà tún ní òun ń gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀, híììì, bíi ẹ̀fọn. Irú gíà yìí, diferẹ́ńṣíà rẹ̀ ní ilé ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó gba ju lítà kan ààbọ̀ lọ díẹ̀, géèjì òkè kì í sì í ka ọ́ìlì ibẹ̀. Àwọn tó dè é ti òkè nìkan ni wọ́n da ọ́ìlì sí. Ó tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà kan ọ́ìlì. Díẹ̀ ló kù kí n ba Belgium náà jẹ́.

N kò sọ pé gíà kì í kú o. Ó ń kú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ má pa á, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fa gíà láti P dé L, ẹ dá a padà sí P, ẹ wá yọ géèjì, ẹ fi nù ún mọ́ ìwé funfun. Tí ọ́ìlì náà bá dúdú, tó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná, clutch inú rẹ̀ ti ń jó. Tó bá rí bíi wàrà aláwọ̀ osùn, omi rédíétọ̀ ti wọnú rẹ̀, ẹ má wà á kúrò níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ páànù ìsàlẹ̀ kalẹ̀: tí ohun tó lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì bá kúnná bíi tìróò, ẹ fọkàn balẹ̀, tó bá jẹ́ ẹ̀rún irin, ẹ máa wá owó. Láti N sí D kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ púpọ̀ kó tó mú. Tó bá sì ń já gbà tó bá ń wọlé, ẹ kọ́kọ́ wo engine seat, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ìyẹn ò wọ́n tó gíà rárá.

Mo padà lọ bá mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pé kó fún mi ní gíà mi àtijọ́. Ó ní, "Háà, Mọ́mì, àwọn tó ń ra irin ti gbé e lọ." Mo bi í léèló ni wọ́n rà á. Ó ní kílò ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.