116th Street mẹ́rin ló wà: ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí Columbia

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mo dé sí ní Flatbush, ní Brooklyn. Mo ti gba ìwé ìgbàwọlé sí Yunifásítì Columbia ní New York, mo sì ní láti wà níwájú àwọn olùkọ́ ẹ̀ka wa ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Lálẹ́ tó ṣáájú, mo tẹ́ máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Broadway àti 116th Street ni ilé ìwé náà wà. Mo fi ìka tọ ọ̀nà ọkọ̀ 2 tó ń kọjá ní Church Avenue, nítòsí ilé àǹtí mi, mo sì rí 116th Street níbẹ̀ gbọnrangandan. Inú mi dùn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni màá wọ̀ débẹ̀. Mo sùn fọnfọn.

Nígbà tí mo gòkè wá láti abẹ́ ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò rí géètì ilé ìwé kankan. Mọ́sálásí kan tó ní òrùlé rìbìtì aláwọ̀ ewé ni mo rí. Lenox Avenue ni mo wà, láàárín Harlem, àdúgbò tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwa èèyàn dúdú.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí, òun gan-an ló sì mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí: ibùdókọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ 116th Street ní Manhattan. Ọkọ̀ 6 ní tirẹ̀ ní Lexington Avenue. Ọkọ̀ 2 àti 3 ní tiwọn ní Lenox. Ọkọ̀ B àti C ní tiwọn ní Frederick Douglass Boulevard. Ti ọkọ̀ 1, ní Broadway, ni wọ́n kọ Columbia University mọ́, òun nìkan ló sì já sí ẹnu géètì. Ohun tó tún ń dá ìṣòro sílẹ̀ ni pé àwọ̀ pupa kan náà ni wọ́n fi kun àmì ọkọ̀ 1, 2 àti 3. Wọ́n jọ ń rìn lábẹ́ Broadway títí dé 96th Street. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pínyà: 2 àti 3 á yà sí ìlà oòrùn lọ sí Lenox, 1 á máa bá Broadway lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ 2 tàbí 3, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní 96th Street. Ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn kankan. Ẹ kàn ré kọjá sí òdìkejì pèpéle tí ẹ dúró sí, kí ẹ dúró de ọkọ̀ 1. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú JFK lè wọ ọkọ̀ A dé 59th Street, kó wọ 1 níbẹ̀. Columbus Circle ni wọ́n ń pe ibẹ̀ o, kì í ṣe Columbia. Ẹ má tìtorí orúkọ jáde síta. Bí ẹ bá sì wà nínú ọkọ̀ 1 tí ẹ ṣàdédé rí oòrùn lójú fèrèsé, ẹ ti kọjá nìyẹn, torí pé lẹ́yìn 116th Street ni ọkọ̀ ń jáde síta, tó ń gba orí afárá irin lọ sí 125th Street.

Lọ́jọ́ Sátidé àti Sunday, ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri kí ẹ tó wọlé, torí wọ́n máa ń tún ojú irin ṣe, ọkọ̀ sì lè yí ọ̀nà padà. Ní ti owó ọkọ̀, káàdì báńkì tàbí fóònù ni ẹ máa fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ sì máa lò ó lọ. Bí ẹ bá ti sanwó ìrìn méjìlá láàárín ọjọ́ méje, ìyókù di ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹni tó bá lo káàdì lónìí, tó lo fóònù lọ́la, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa kà á.

Kí n padà sí Lenox. Dátà fóònù mi ti tán, aago mẹ́wàá sì ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Mo sáré lọ bá ìyá kan tó ń tẹ́ àtẹ lẹ́nu ọjà Malcolm Shabazz, ọjà àwọn èèyàn wa láti Áfíríkà tó wà ní 116th Street. Ọmọ Senegal ni. Mo kúnlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ó ní, “Ọmọ mi, dìde. Òkè lọ́hùn-ún ni Columbia. Máa lọ tààrà, wàá rí páàkì, gùn ún.” Ó wá rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó bu òrí díẹ̀ nínú igbá, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ mi títí ó fi yọ́. Òórùn rẹ̀ gbé mi dé yàrá ìyá ìyá mi ní Ìsẹ́yìn.

Morningside Park ni páàkì tó wí. Àpáta gàgàrà ni, Harlem wà nísàlẹ̀, yunifásítì wà lórí. Mo gun àtẹ̀gùn rẹ̀ títí èémí fi fẹ́ẹ̀ tán nínú mi, mo sì pẹ́ dé. Wọ́n gbà mí wọlé ṣá.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lo ọdún méjì lókè yẹn láìsọ̀kalẹ̀ gba páàkì náà, ó sì ń dùn mí. Ní apá gúúsù rẹ̀, adágún kan wà tí omi ń ṣàn wá sínú rẹ̀ láti ara àpáta. Ní 1968, yunifásítì fẹ́ kọ́ ilé eré ìdárayá síbẹ̀, kí ẹnu ọ̀nà àwọn ará Harlem wà nísàlẹ̀, kí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lókè. Àwọn ará àdúgbò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yarí, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ ló padà di adágún. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, ẹ má gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Nínú ọgbà ilé ìwé fúnra rẹ̀, ère bàbà obìnrin kan jókòó níwájú Low Library láti 1903. Òwìwí kan fara pamọ́ sínú aṣọ rẹ̀, ẹyẹ tí àwa ń sá fún nílé, tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ ọgbọ́n níbẹ̀. Láti 2024, wọ́n ń béèrè káàdì ìdánimọ̀ lẹ́nu géètì, nítorí náà, kí àlejò kọ́kọ́ béèrè bó ṣe lè wọlé kó tó kúrò nílé.

Bí ẹ bá wá ní ọ̀sán kan láti fi ṣe tiyín, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ wọ ọkọ̀ 2 tó ṣì mí lọ́nà yẹn ní Lenox, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ ní 135th Street. Ilé ìkàwé Schomburg wà níbẹ̀, tí ìwé ìtàn àwa èèyàn dúdú kún inú rẹ̀. Langston Hughes, akéwì aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tó wá kàwé ní Columbia ní 1921 tí kò lò ju ọdún kan lọ kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ilé yẹn ni wọ́n sin eérú rẹ̀ sí. Wọ́n ya àwọn odò sára ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá wọlé, ẹ rọra wo ibi tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀.