Mo Dojú Abọ́ Tíì Kan Dé ní Hội An

Lẹ́yìn tí mo kúrò nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun amọ̀ tó wà ní òpópónà Trần Phú ní Hội An, ìlú kan ní Vietnam, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Màmá tó ń tajà níbẹ̀ gbé abọ́ tíì kan lé mi lọ́wọ́, ó ṣe àmì pé kí n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Àtẹ́lẹwọ́ mi gbà á tán. Àwọ̀ aró ni wọ́n fi ya òdòdó sí i lára, ọwọ́ ẹni tó yà á sì yá débi pé ewé kan ò kan ẹ̀ka rẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló mú un rẹwà.

Mo wá dojú rẹ̀ dé. Ìdí rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi kòkó tó ti gbẹ lórí ẹní. Irin ló wà nínú ohun tí wọ́n fi kùn ún. Àwọn amọ̀kòkò Vietnam ní ọ̀rúndún 15 máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú abọ́ lọ́hùn-ún, òrùka kan wà tí kò dán: wọ́n ti ha omi tó ń mú abọ́ dán kúrò níbẹ̀, kí wọ́n lè to òmíràn lé e nínú iná láìlẹ̀ mọ́ra. Abọ́ ọjà ni, kì í ṣe ti ààfin.

Màmá ní inú ọkọ̀ tó rì nítòsí erékùṣù Cù Lao Chàm ló ti wá. (Ta ni yóò jẹ́rìí?) Ọkọ̀ yẹn kì í kúkú ṣe àlọ́. Ọ̀rúndún 15 ló rì. Láàárín 1997 sí 1999, wọ́n kó ohun amọ̀ tó lé ní 250,000 jáde nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ agbègbè Chu Đậu ní ìpínlẹ̀ Hải Dương àtijọ́, níbi tí iṣẹ́ náà ti parun tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó jí i dìde. Ìgò kan ní ààfin Topkapi ní Istanbul, tí wọ́n kọ ọdún tó bá 1450 mu àti orúkọ Nam Sách (agbègbè tí Chu Đậu wà) sí lára, ló jẹ́ kí aṣojú ìjọba Japan kan kọ̀wé ní 1980 láti béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní 1986, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí walẹ̀ ní Chu Đậu.

Mo dá abọ́ padà. Èèyàn ò gbọdọ̀ gbé irú rẹ̀ jáde ní Vietnam láìgbàwé àṣẹ, ayédèrú sì pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó lọ sí Bát Tràng, abúlé àwọn amọ̀kòkò lẹ́bàá Hanoi: tuntun wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ ṣáà ná an dáadáa.