Ẹrù tó bàjẹ́, ìgbà tí wọ́n ń kó o ló ti bàjẹ́

Bí ẹrù bá fọ́ lọ́nà, awakọ̀ ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ àwọn tó kó ẹrù sọ́kọ̀ ni àṣìṣe ti wá.

Ẹrù oníbàárà mẹ́wàá lè wà nínú tírélà kan. Èyí tí a máa kọ́kọ́ já la máa ń kó kẹ́yìn, kó lè wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹrù wúwo kò gbọdọ̀ gun páálí lórí torí pé òun la máa kọ́kọ́ já. Bó bá dà bẹ́ẹ̀, ẹ yí ètò ìrìn padà.

Tírélà oní mítà 13.6 ń gba palẹ́ẹ̀tì (pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé) 33 tó jẹ́ mílímítà 1200 sí 800. Bí ẹrù bá wúwo, ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè gbé lè pé kí ilẹ̀ ọkọ̀ tó kún. Ẹ rántí pé bí a bá ti já ti ẹ̀yìn, ìwọ̀n tó kù á rọ̀ sí iwájú, táyà orí ọkọ̀ sì lè gbé ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ibùdó kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún ìgbéra nìkan.

Bẹ́líìtì tí a fi ń di ẹrù ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. LC 2500 daN tó wà lára àmì rẹ̀ ni agbára tó ga jù tí bẹ́líìtì lè gbà bí a bá fà á (daN kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo kílò kan), kì í ṣe agbára tó fi ń tẹ ẹrù mọ́lẹ̀. STF, ìyẹn agbára tó kù nínú bẹ́líìtì lẹ́yìn tí a bá fi ọwọ́ fà á le, ni kí ẹ wò, ó sì kéré sí i gan-an. Ìlànà EN 12195-1 ti Yúróòpù ń béèrè pé kí ìdè kojú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹrù síwájú, àti ìdá 50 sí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Bí bẹ́líìtì bá dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ní igun dígírì 30 sí ilẹ̀ ọkọ̀, ìdajì agbára rẹ̀ péré ló ń tẹ ẹrù. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ palẹ́ẹ̀tì, ẹ dí gbogbo àlàfo, torí ibi tó ṣófo ni ẹrù ti ń sáré kó tó kọlu nǹkan. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ dúró kí ẹ tún un fà: ẹrù ti jókòó, bẹ́líìtì á ti dẹ̀.

Níbi ìjáẹrù, ẹ ya fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Lábẹ́ CMR, àdéhùn àgbáyé ti 1956 lórí kíkó ẹrù lójú títì, fún ẹrù tó bá kọjá ẹnubodè, ìbàjẹ́ tó hàn lójú, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ sọ ọ́. Èyí tó fara pamọ́, ẹ kọ̀wé láàárín ọjọ́ 7, láì ka ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi. Ẹ kọ “páálí 3 tẹ̀, 1 tutù” sórí ìwé ẹrù. “A kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò” kò ràn yín lọ́wọ́.