Ẹni tó bá halẹ̀ mọ́ ilé-ìwé: Houston àti Akúrẹ́

Ní Houston níbi tí mò ń gbé, bí fóònù bá dún kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ ilé-ìwé, àyà mi á já. Bí kì í bá ṣe ará ilé tó gbàgbé pé òru ṣì ni lọ́dọ̀ wa, àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ni: ẹnì kan kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ àná pé òun máa yìnbọn nílé-ìwé àwọn ọmọ yín, ọlọ́pàá ti mú un, ẹ̀kọ́ ń lọ bó ṣe yẹ. Ó parí. Èmi àti ìyàwó mi á wo ara wa, a ó kó ìwé ọmọ sínú báàgì tó mọ́ gaara bí ike omi, a ó sì gbé e lọ.

Ẹni tí wọ́n ń mú yìí, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Texas, ẹni tó bá parọ́ pé bọ́ǹbù wà nílé-ìwé ìjọba tàbí pé wọ́n fẹ́ kọlù ú, ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 180 sí ọdún 2 ń dúró dè é, ìtanràn sì lè tó dọ́là 10,000. Ìjọba àpapọ̀ náà ní tiwọn: ìhàlẹ̀ tó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 5, ti bọ́ǹbù lè tó 10. Ọmọ ọdún 17 sì rèé, àgbà ni wọ́n kà á sí ní kóòtù Texas.

Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ọdún 2022 ni ọmọkùnrin kan pa akẹ́kọ̀ọ́ 19 àti olùkọ́ 2 ní Uvalde, ní Texas wa níbí, ó sì ti ń kọ ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sáwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Ta ló tún máa sọ pé eré ni? Àmọ́ nígbà tí Mike Chitwood, Sheriff (ọ̀gá ọlọ́pàá) àgbègbè Volusia ní Florida, mú ọmọ ọdún 11 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tó sì gbé fídíò ọmọ náà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ síta kí gbogbo ayé wò ó, inú mi ò dùn rárá. Ní Akúrẹ́ nílé, ọmọ ọdún 11 tó bá ní òun máa dáná sun ilé-ìwé á kúnlẹ̀ sínú oòrùn, á jẹ pàṣán, wọ́n á ní kó lọ mú òbí rẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ á dé, á kúnlẹ̀ ju ọmọ lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fojú ọmọdé wò ó." Pàṣán yẹn pọ̀jù lójú mi báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í tẹ̀ lé ọmọ kúrò nínú ọgbà.

Ọmọ àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjàpọ̀ ní Akúrẹ́ bínú sí tíṣà rẹ̀, ó ní òun máa ju bọ́ǹbù sí ilé-ìwé náà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo pa tẹlifíṣàn, mo ní kó jókòó, mo sì ka iye ọdún ẹ̀wọ̀n yẹn sí i létí títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu rẹ̀.

Nílé ní Nàìjíríà, kì í ṣe ọmọdé là ń bẹ̀rù. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Emùré-Èkìtì, wọ́n sì pa awakọ̀ wọn. Emùré ò jìnnà sí Akúrẹ́. Láti ìgbà náà, WhatsApp nìkan ti tó láti tú ilé-ìwé ká. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n wà ní kíláàsì nígbà tí ohùn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kiri, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ní ajínigbé ti wọ ilé-ìwé kan nítòsí. Kí wákàtí tó pé, ọ̀kadà ti dí ẹnu géètì. Ìyá kan dé pẹ̀lú ìró láyà, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. Bàbá kan kó ọmọ mẹ́ta lọ, ọ̀kan kì í ṣe tirẹ̀. Rẹ́jísítà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ka ọmọ ya sí méjì lọ́wọ́ wọn. Ajínigbé kankan ò sí.

Mo wá lọ wo òfin tiwa, ẹnu sì yà mí: ó le ju ti Texas lọ! Òfin Cybercrimes (ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì) ti 2015, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2024, ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti da ìlú rú lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí kó san tó mílíọ̀nù 7 náírà. Ẹni tó bá gba orí ẹ̀rọ halẹ̀ pé òun máa jí èèyàn gbé, ọdún 10 ni, tàbí ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 25, tàbí méjèèjì. L'Ékòó, òfin 2017 gbé ìhàlẹ̀ ìjínigbé dé ọdún 25. Àmọ́ akọ̀ròyìn àti ẹni tó bú olóṣèlú la sábà ń gbọ́ pé wọ́n fi òfin Cybercrimes yẹn mú, débi pé kóòtù ECOWAS ní kí wọ́n tún apá kan rẹ̀ ṣe ní 2022.

Ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀gá wọn gbé fóònù lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan. Àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n kọ sítétímẹ́ǹtì, wọ́n kọ ọ́. Ọlọ́pàá gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ó ní bí wọ́n bá ti rí i, kí wọ́n mú un wá.

Láti 2020 ni ìjọba ti ní ká so gbogbo SIM mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa. A tò sórí ìlà láti àárọ̀, a ki ìka bọ ẹ̀rọ, a ya fọ́tò. Ó yẹ kí ọlọ́pàá tó ní kí tíṣà lọ wá ọ̀daràn wá mọ ibi tí wọ́n kó ìka wa sí.