Katakata Bàbá Wa Tí Ò Gbọ́ Kọ́kọ́rọ́

Láti ìgbà tí bàbá wa ti papòdà lọ̀rọ̀ katakata yìí ti di ìjà nílé wa. Massey Ferguson 135 ni, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1964 sí 1975, tẹ́ ẹ bá dàgbà lápá Ìsẹ́yìn bíi tiwa ẹ ó ti rí irú ẹ̀ rí. Pupa ni tẹ́lẹ̀ o, ìpẹtà ti bò ó, abẹ́ síìtì ẹ̀ ladìẹ Màámi ń yé sí.

Àǹtí wa àgbà ní ká tà á ká pínwó. Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, vintage ni, àwọn òyìnbó máa ń kun irú ẹ̀ lọ́dà tuntun, wọ́n á wà á yí pápá ká, èèyàn á sì máa pàtẹ́wọ́. Àǹtí ní kó wá gbé e padà sí Coventry nígbà náà. Fóònù já. Èmi ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ló ń gbá ìgbẹ́ adìẹ.

Bí Àǹtí ṣe lọ mú Alhaji kan wá nìyẹn, àwọn tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù. Agbádá funfun báláú. Ó yí katakata po, ó fìka kàn án kó kó, ó ní irin lòun máa kà á sí, kílò sì lòun fi ń ra irin.

Màámi tí ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀ wá ní, "Alhaji, ta ló sọ fún yín pé ó ti kú?"

Ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Ìyẹn yá bátìrì ọkọ̀ elérò, ó da dísẹ́ẹ̀lì sí i, ó tú nọ́ọ̀tì ínjẹ́tọ̀, ibi tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà wọnú ẹ̀ńjìnnì, kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè jáde, ó ní ká sún sẹ́yìn. Ó kọ́, ó kọ́ títí, kò jẹ́, àfi gbààà! Èéfín bo gbogbo àgbàlá, adìẹ fò jáde tòun tariwo, Màámi bẹ̀rẹ̀ sí jó.

Ojú Alhaji wá tàn, ó ní kóun náà gùn ún wò. Agbádá há mọ́ ibì kan, ẹsẹ̀ yọ lórí kílọ́ọ̀ṣì, katakata gbéra ńlẹ̀. Alhaji yí kọ́kọ́rọ́, kò kú. Ó yọ ọ́ pátápátá, ó nà án sókè, "Mo ti yọ ọ́ o! Ẹ wò ó, mo ti yọ kọ́kọ́rọ́ o!" Ẹ̀ńjìnnì oní-dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ṣáà, tó bá ti ń ṣiṣẹ́ kò níṣòwò pẹ̀lú iná bátìrì mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá dá dísẹ́ẹ̀lì dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe bọ́tìnnì kan síwájú ẹ̀ téèyàn máa ń fà. Mẹkáníìkì ń pariwo kó fà á. Alhaji fà á, ó bá a lọ́wọ́ wá. Wáyà tó yẹ kó so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀ńjìnnì ò sí níbẹ̀. Àbúrò mi ti yọ wáyà yẹn láti ẹ̀ẹ̀rùn, òun ló fi so ilẹ̀kùn ọgbà ewúrẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kan, bọ́tìnnì lọ́wọ́ kejì, kò wá sọ́wọ́ tó máa di sítíárì mú. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé jíà kékeré ló wà, kò sáré rárá, àwọn ọmọdé ń rìn kọjá lára ẹ̀. Ó wọ inú okùn aṣọ, ìró Màámi wé mọ́ Alhaji lọ́rùn, Màámi sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní, "Alhaji, ṣé irin náà ṣì ni àbí ká tún un sọ?" Ibi tí Alhaji ti ń ṣe "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," ni katakata ti fi imú ti píkọ́ọ̀pù tó gbé e wá, ó rọra tì í wọnú oko ẹ̀gẹ́. Mẹkáníìkì ló sáré wá fọwọ́ fa irin kékeré tó wà lára pọ́ọ̀mpù dísẹ́ẹ̀lì, ó bá kú fin.

Alhaji ò tíì bọ́ sílẹ̀ tó fi ń fowó kún un. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ti gbóhùn ẹ̀, bàbá tóko ẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa ti ń béèrè pé èló la máa gbà lórí éékà kan tá a bá bá òun túlẹ̀. Àǹtí tó ní ká tà á ló yára dá a lóhùn, ó tún gba àsansílẹ̀.

Mẹkáníìkì ní òun ò ní fi í sílẹ̀ láìsí wáyà, la bá tú ti ọgbà ewúrẹ́ fún un. Ewúrẹ́ jáde lóru, oko bàbá yẹn ni wọ́n gbà lọ tààrà. Ó ní òun máa yọ owó ẹ̀gẹ́ òun nínú owó ìtúlẹ̀.